Gbogbo Ohun Tó Wu Ojú Ló Ní Olùṣọ́: Ìgbafẹ́ ní Trinidad àti Tobago

 

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò afẹ́ la mú wá lónìí. Bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York bá gba ìsinmi, àwọn erékùṣù inú Òkun Kàríbíánì ni wọ́n ń forí lé. Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á na ara sí etí òkun, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó dé ìlú onílùú tí kò bá ọmọ ibẹ̀ rìn, ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé òun rí i.

Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: Trinidad àti Tobago. Kókó kan ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú bí a ṣe ń lọ. Gbogbo ohun tó rẹwà ní erékùṣù méjèèjì yìí ló ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni náà ni kí ẹ wá kàn. Òun ni kí ẹ bá rìn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kí owó yín dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Trinidad ló tóbi jù nínú méjèèjì. Ó sún mọ́ ilẹ̀ Fẹnẹsúẹ́là tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé níbi tí omi àárín wọn ti tóóró jù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 11 lọ. Àwọn ará Sípéènì ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á lọ́wọ́ àwọn náà ní 1797, kó tó di pé Trinidad àti Tobago gba òmìnira ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1962. Àwọn tí baba ńlá wọn ti Áfíríkà wá àti àwọn tí tiwọn ti Íńdíà wá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba, nítorí náà ẹ ó gbọ́ ara yín. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní títí wọ oṣù Karùn-ún, òjò ló sì máa ń gba ìyókù ọdún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀.

Ìgbẹ́ omi Caroni ni ibùdó wa àkọ́kọ́. Kò jìnnà sí Port of Spain tó jẹ́ olú ìlú. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ á gbé àwọn àlejò gba ojú omi tóóró láàárín igi tó ń ta gbòǹgbò láti òkè wá sínú omi. Irú igbó yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ìlàjẹ. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ẹni tó ń tukọ̀ á máa nàka fún yín. Á fi ejò tó ká jọ sórí ẹ̀ka hàn yín, tí ẹ̀yin ì bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Á fi alákàn tó ń gun igi hàn yín, àti ọ̀nì kékeré tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ló yọ lókè omi.

Bó bá ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ igi, gbogbo ènìyàn á sì dákẹ́. Àwọn ẹyẹ tí a tìtorí wọn wá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Scarlet ibis ni orúkọ wọn, àwọn ni ẹyẹ orílẹ̀-èdè Trinidad, pupa fòò sì ni wọ́n láti orí dé ìrù. Wọ́n á dé ní mẹ́ta-mẹ́ta, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní ọ̀wọ́ ńlá, títí igi tí wọ́n ń sùn sí á fi pọ́n.

Kí ló sọ wọ́n di pupa? Oúnjẹ ni. Ọmọ wọn kì í pọ́n tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń ní. Inú alákàn àti edé tó ń jẹ ni èròjà tó ń pa ìyẹ́ rẹ̀ láró wà. Igbó ló ń bọ́ alákàn, alákàn ló ń kun ẹyẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá gé igi etí omi yẹn lulẹ̀, àwọ̀ ẹyẹ náà ló dáwọ́ lé.

Àwọn ọdẹ ti yọ ẹyẹ yìí lẹ́nu gan-an, torí àwọn kan ń jẹ ẹran rẹ̀. Ní 2018, ìjọba fi í sábẹ́ ààbò tó le jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè san 100,000 dọ́là owó ilẹ̀ náà, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Òfin náà dára, àmọ́ òfin kì í sùn sínú igbó. Àwọn atukọ̀ tó ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ ni ojú tó ń ṣọ́ ọ, torí ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá nìyẹn. Tí ẹ bá sanwó ọkọ̀ ní Caroni, ẹ wà lára àwọn tó ń pa ẹyẹ náà mọ́. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn torí ẹ̀fọn, ẹ má sì dìde dúró nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ìlà-oòrùn erékùṣù náà, sí abúlé Matura, lóru. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, ìjàpá òkun tó tóbi jù lọ láyé máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn ibẹ̀. Leatherback ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kò ní igbá líle bíi ti ìjàpá inú àlọ́ wa. Awọ dúdú tó nípọn ló bo ẹ̀yìn rẹ̀. Abo kan lè wọ̀n ju 300 kìlógíráàmù lọ. Á wọ́ ara rẹ̀ gòkè, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á yé ẹyin tó lè tó ọgọ́rin, á bò ó dáadáa, á padà sínú òkun. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á hú jáde, wọ́n á sì kọrí sí omi.

Nígbà kan, wọ́n ń pa ìjàpá yìí nípakúpa ní Matura. Wọ́n á gé ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ lára rẹ̀, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kó jẹrà. Ní 1990, ìjọba fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ etíkun náà láìgbàṣẹ ní àsìkò ìyẹ́yin. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará abúlé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nature Seekers. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká etíkun náà lóru, wọ́n ń ka àwọn ìjàpá, wọ́n ń fi àmì sí wọn lára, wọ́n sì ń mú àlejò wá wò wọ́n. Nígbà tó di 2011, ìjọba fòfin de pípa ìjàpá òkun pátápátá jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ní etíkun tí wọ́n ti ń pa á tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé rí iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wá wọn wá.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó, kí ẹ sì bá amọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ sí rìn. Àwọn òfin ibẹ̀ ní ìdí. Wọ́n á ní kí ẹ dúró lókèèrè títí tí ìjàpá náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, torí tó bá fura kó tó bẹ̀rẹ̀, ó lè pa dà sókun láìyé ẹyin rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè sún mọ́ ọn. Wọ́n á ní kí ẹ má tan iná funfun, kí ẹ má sì lo iná fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ ojú òkun ni àwọn ọmọ ìjàpá fi ń mọ ọ̀nà omi lóru. Iná mìíràn a máa ṣì wọ́n lọ́nà, wọ́n á máa rìn lọ sórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á kú sí. Iná pupa tí amọ̀nà mú dání tó fún yín. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú. Ìjàpá kì í bá àlejò dá àkókò.

Ibòmíràn tí amọ̀nà ti wúlò gidigidi ni adágún ọ̀dà tó wà ní La Brea, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì ni mo wí. Òun ló tóbi jù nínú irú rẹ̀ láyé, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 40. Ẹni tó bá ti dé Àgbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ní 1595, Walter Raleigh gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀dà náà dí ara ọkọ̀ rẹ̀ kí omi má bàa wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílẹ̀ ti mọ ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan le, àwọn ibì kan sì rọ̀ tó lè gbé ẹsẹ̀ mì. Ọmọ La Brea mọ ìyàtọ̀. Lójú àlejò, dúdú kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bèèrè iye tí amọ̀nà máa gbà kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ ibi tó bá tẹ̀.

Ebi á ti máa pa wá. Láàárọ̀, ẹ lọ sẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń ta doubles. Àkàrà pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dín ni, wọ́n á bu ẹ̀wà channa tí wọ́n sè pẹ̀lú kọ́rì sí i, wọ́n á fi ọbẹ̀ àjàgbọn àti ata lé e. Àwọn ọmọ Íńdíà ló dá a sílẹ̀. Láti 1845 sí 1917 ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó àwọn baba ńlá wọn wá ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, ohun tí wọ́n sì ń sè nílé wọn ti di oúnjẹ gbogbo ìlú. Adúrójẹ ni. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti ọmọ ilé-ìwé á jọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ sọ bí ata ṣe máa pọ̀ tó, torí ata wọn kì í ṣeré.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ọ̀pọ̀ ará Port of Spain máa ń gba orí òkè kọjá lọ sí etíkun Maracas. Oúnjẹ tí ibẹ̀ fi lókìkí ni bake and shark, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n dín, tí wọ́n fi ẹja ekurá tí wọ́n dín sáàárín rẹ̀. Ẹja ekurá ń dínkù nínú òkun ayé, nítorí náà ẹ lè ní kí wọ́n bá yín fi ẹja mìíràn sí i. Adùn rẹ̀ wà nínú ewé àti ọbẹ̀ tí ẹ ó fọwọ́ ara yín bù lé e. Ìgbì òkun ibẹ̀ lágbára. Àwọn tó ń ṣọ́ àwọn olùwẹ̀ máa ń ri àsíá mọ́lẹ̀. Àárín àsíá ni kí ẹ ti wẹ̀, kódà bí ẹ bá mọ omi wẹ̀ bí ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí ọgbà ìlù. Lẹ́yìn ìparí oko ẹrú, ìjọba amúnisìn kò fẹ́ gbọ́ ìlù àwọn èèyàn dúdú. Ní 1884, wọ́n fòfin dí àwọn onílù lọ́wọ́. Àwọn èèyàn náà gé ọparun, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀ fi ṣe ìlù. Nígbà tó di ọdún 1930 síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo bisikíìtì àti ìdérí agbada ìdọ̀tí, títí wọ́n fi kan àgbá epo rọ̀bì, torí ilẹ̀ wọn ní epo. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí àgbá náà títí á fi jìn, wọ́n á pín ojú rẹ̀ sí oríṣiríṣi ẹ̀ka, wọ́n á fi iná yan án, wọ́n á sì tún un lù títí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á fi ní ohùn tirẹ̀. Bí ìlù tí wọ́n ń pè ní pan ṣe dé ayé nìyẹn. Ní 1951, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ṣa àwọn olùlù rẹ̀ jọ láti oríṣiríṣi àdúgbò gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1992, ìjọba sọ ọ́ di ohun èlò orin orílẹ̀-èdè. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, sọ́tọ̀ fún un.

Àdúgbò ló ni ẹgbẹ́ pan. Trinidad All Stars wà ní òpópónà Duke ní àárín Port of Spain, Desperadoes sì jáde láti orí òkè Laventille. Láti oṣù Kìíní títí di àjọ̀dún Carnival, wọ́n á máa fi òru múra sílẹ̀ fún ìdíje Panorama tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ọgbà wọn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn tó tó ọgọ́rùn-ún lè wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọmọdé, àgbà, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wo ìwé orin. Etí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọ́n á tún ìlà kan lù títí á fi wọ inú ọwọ́ wọn. Ẹ dúró sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má gba àárín àwọn olùlù kọjá, ẹ sì ra nǹkan mímu lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà tí wọ́n bá ń tà á. Ẹni tó gbọ́ pan lórí ìtàgé hòtẹ́ẹ̀lì nìkan kò tíì mọ bí àdúgbò kan ṣe ń fi odidi oṣù pọn orin kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Trinidad tó kan àwa gan-an. Lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin ní 1838, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó gba Sàró àti St. Helena lọ sí Trinidad láti wá ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ló fi ìpìlẹ̀ tó lágbára lélẹ̀ fún ẹ̀sìn òrìṣà tó wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n ṣì ń kọrin sí Ògún, Ṣàngó, Ọya àti Ọ̀ṣun, àwọn ọ̀rọ̀ tiwa sì wà nínú orin náà. Ní 1988, Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, ṣàbẹ̀wò sí wọn. Ní 1999, ìjọba ṣe òfin tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó tí àwọn olórìṣà bá so.

Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá lọ síbẹ̀ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ọdún òrìṣà wọn kì í ṣe ohun ìwòran. Ẹ dúró de ìpè. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ bèèrè irú aṣọ tó yẹ, ẹ má yọ fóònù láìgbàṣẹ, ẹ má sì dá orin wọn dúró láti tún ọ̀rọ̀ ṣe fún wọn. Wọ́n ti gbé e gba inú ìtìjú àti ìnilára kọjá láti ìran dé ìran, láìsí ẹni tí wọ́n lè bi ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ẹ̀gbá. Ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn yọ̀ láìdúró de ìpè, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni kó lọ. Láti 1985 ni wọ́n ti sọ ọjọ́ náà di ìsinmi fún ìrántí òmìnira kúrò lóko ẹrú. Aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà á kún òpópónà Port of Spain, ìlù á máa dún, ẹnikẹ́ni ló sì lè tò sí ìlà.

Ní Tobago, ibi méjì ni mo fẹ́ dárúkọ. Èkíní ni igbó Main Ridge, tó gun ẹ̀yìn òkè erékùṣù náà. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 1776, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e, torí ó ti yé wọn pé igbó ló ń fa òjò tí oko ìrèké ń mu. Ó wà lára àwọn igbó tí òfin ti dáàbò bò pẹ́ jù lọ láyé. Ìjì ńlá Flora wó ọ̀pọ̀ igi rẹ̀ ní 1963, àmọ́ wọ́n fi í sílẹ̀ kó hù padà. Àwọn amọ̀nà máa ń mú àlejò gba ọ̀nà ẹsẹ̀ Gilpin Trace, wọ́n á sì dárúkọ ẹyẹ kan látinú igbe rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Èkejì ni Buccoo, níbi tí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ díńgí á ti gbé yín kọjá lórí òkúta iyùn inú òkun. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké ló fi ọdún gbọ́ọrọ kọ́ òkúta náà, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo sì lè fọ́ ọ. Ẹ wò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí ẹ tó sanwó ìrìn kankan, ní Trinidad tàbí ní erékùṣù mìíràn, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló máa mú mi rìn, ṣé ọmọ ibẹ̀ ni? Èló nínú owó yìí ló máa dúró sí abúlé tí mo fẹ́ lọ? Kí ni àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò fẹ́ kí àlejò ṣe? Ilé-iṣẹ́ tó bá dáa á dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkọsẹ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Torí pé tí abúlé kan bá rí oúnjẹ jẹ lórí ìjàpá tó wà láàyè, kò ní pa á. Bí àlejò bá ń wá sí ọgbà ìlù, ọmọ àdúgbò á rí ìdí láti kọ́ ìlù náà. Owó tí ẹ ná síbi tó tọ́ á jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà bá ohun tí ẹ rí níbẹ̀.

 Àjò á dùn, ilé á sì tún dùn jù ú lọ.